Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Ó Di Odidi: Ipa Olùgbọ́ nínú Ìtàn Àwo Orin In the Aeroplane Over the Sea

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ìwà ni a sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, a ó rí i pé ó tún jẹ́ àlàyé lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ní ìtumọ̀: ẹni tí ó sọ̀rọ̀ mú apá kan wá, ẹni tí ó gbọ́ ọ ni ó mú apá kejì wá. Nínú lítíréṣọ̀ alohùn, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sun ìjálá tàbí rárà mọ̀ pé apohùn nìkan kọ́ ni ó ń ṣe é. Bí elégbè bá ń gbè é, tí àwọn òǹwòran sì ń dáhùn, ọ̀rọ̀ á máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́ lọ gbári, eré náà á tètè tú.

Orin tí a ti fi ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ ńkọ́? Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé iṣẹ́ ti parí lórí àwo orin ní ọjọ́ tí ó bá ti jáde, àti pé ohun tí ó kù kò ju kí ọjà gbà á tàbí kí ọjà kọ̀ ọ́ lọ. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni àwo orin kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, In the Aeroplane Over the Sea, tí ẹgbẹ́ olórin tí ń jẹ́ Neutral Milk Hotel ṣe, tí ó sì jáde ní ọjọ́ 10, oṣù Kejì, ọdún 1998. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kà á sí nígbà náà. Kò sí owó ńlá tí wọ́n fi polówó rẹ̀, olórin náà fúnra rẹ̀ sì fi orí ìtàgé sílẹ̀ láìpẹ́. Síbẹ̀, àwọn olùgbọ́ gbé e títí ó fi di ọ̀kan lára àwọn àwo tí a fi ń díwọ̀n irú orin bẹ́ẹ̀. A ó wo bí wọ́n ṣe gbé e, ohun tí ó mú kí wọ́n lè gbé e, àti ẹrù tí ìfẹ́ wọn dì lé olórin náà lórí.

Orin Pọ́ọ̀pù Àdádúró àti Ilé Tí Àwo Yìí Ti Jáde

Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀dọ́ olórin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ti ń dá ilé-iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀ láti máa tẹ àwo orin fúnra wọn, láìdúró de àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó ní ọjà níkàáwọ́. Orin pọ́ọ̀pù tí ó ti irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ni a ń pè ní orin pọ́ọ̀pù àdádúró níhìn-ín. Merge, tí ó gbé àwo tí à ń sọ yìí jáde, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Olórin méjì, Mac McCaughan àti Laura Ballance, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1989 ní ìpínlẹ̀ North Carolina.

Jeff Mangum ni ó ń kọ orin Neutral Milk Hotel. Ruston, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ni ó ti dàgbà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Robert Schneider, Bill Doss àti Will Cullen Hart, ti ń fi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì gba orin sílẹ̀ nínú ilé láti ìgbà èwe wọn, wọ́n sì ń fi kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sí ara wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n fún àwùjọ wọn ní orúkọ kan, Elephant 6. Kókó kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a fojú fò: orin wọn ti ní olùgbọ́ kí ó tó ní ọjà rárá. Ẹni tí ó kọrin lónìí ni yóò gbọ́ ti ẹlòmíràn lọ́la.

Ní 1997, lẹ́yìn àwo wọn àkọ́kọ́, On Avery Island, tí ó jáde ní 1996, wọ́n kó ara wọn jọ ní Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado, níbi tí Schneider ti ń gba orin sílẹ̀. Jeremy Barnes ni ó lu ìlù, Scott Spillane fọn fèrè onídẹ, Julian Koster sì ń ta ayùn, irú èyí tí káfíńtà fi ń gé pákó, bí a ti ń ta gòjé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ohùn gìtá máa ha, bí ìgbà tí rédíò bá fẹ́ bàjẹ́. Ohùn Mangum kò dán; ó ń ké e sókè ju ibi tí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ gbà lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn orin náà, Oh Comely, gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Ìdánwò ẹ̀rọ lásán ni wọ́n pè é nígbà tí Mangum jókòó ti gìtá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ dé òpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró. Bí ó ti parí ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ figbe ta láti òkèèrè nítorí ìyanu. Wọn kò yọ igbe náà kúrò. Ó wà lórí àwo títí di òní. A lè sọ, nígbà náà, pé ohùn olùgbọ́ àkọ́kọ́ ti wà nínú iṣẹ́ yìí kí a tó tẹ̀ ẹ́ rárá.

Bí Orin Náà Ṣe Rìn

Merge kò retí ohun ńlá. Nǹkan bí 5,500 síídì àti 1,600 rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Àwọn alárìíwísí orin kan yìn ín, àwọn mìíràn ní ó dára díẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ṣe eré káàkiri ní 1998, lẹ́yìn náà ni Mangum dákẹ́. Kò sí àwo mìíràn, kò sí eré mìíràn. Lójú oníṣòwò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹ kí ó parí sí.

Kò parí síbẹ̀. Ẹni tí ó ní in da á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì tàbí síídì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lò ó. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì sì gbòde, ó ba tibẹ̀ dé ibi tí Merge kò lè gbé àwo dé. Àwọn ọ̀dọ́ olórin náà wà lára àwọn tí ó gbọ́ ọ. Ìfẹ́ tí Win Butler ní sí Neutral Milk Hotel wà lára ohun tí ó mú ẹgbẹ́ tirẹ̀, Arcade Fire, wá sí Merge, níbi tí Funeral ti jáde ní 2004. Ní 2005, odidi ìwé kan jáde lórí In the Aeroplane Over the Sea. A sì tún àwo náà gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2008, ó wà ní ipò kẹfà nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí ó tà jù ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí yóò fi di 2013, ó ti tà ju 390,000 lọ. Bí a bá fi èyí wé iye tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ó ju ìlọ́po àádọ́ta lọ.

Ọ̀nà tí orin yìí gbà rìn kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Láti ẹnu dé etí ni, láti ọwọ́ ẹni tí ó mọyì rẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tí a gbàgbọ́ pé yóò mọyì rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó gba ohùn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó gbé e rìn.

Ohun Tí Olùgbọ́ Fi Kún Un

Kí ni ó wà nínú àwo yìí tí ó fi gba irú ìtara bẹ́ẹ̀? Ohun mẹ́ta ni a tọ́ka sí.

Èkíní ni pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni Mangum sọ. Kí ó tó kọ àwọn orin náà, ó ti ka ìwé ìrántí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tí òun àti ẹbí rẹ̀ sá pamọ́ ní Amsterdam láti 1942 sí 1944, tí ó sì kú sí àgọ́ Bergen-Belsen ní 1945. Ìwé náà wọ̀ ọ́ lára gan-an, a sì rí òjìji rẹ̀ nínú àwo náà. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn orin náà pàápàá ni Holland, 1945. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó ti jókòó ro ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀rọ̀ ikú, ọ̀rọ̀ ẹbí, ọ̀rọ̀ ara àti ọ̀rọ̀ ìgbà èwe lọ́ mọ́ ara wọn. Àwọn olùgbọ́ kan gbà pé Anne Frank ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Àwọn mìíràn ní ó jẹ́ ojú kan péré nínú ojú púpọ̀. Àríyànjiyàn yìí kò bu àwo náà kù. Òun gan-an ni ó mú kí ẹni tí ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tún padà gbọ́ ọ.

Èkejì ni ohùn tí kò dán. Ohùn tí a ti fọ̀ mọ́ tónítóní a máa sọ fún olùgbọ́ pé kí ó jókòó kí ó máa wòran. Ohùn tí ó ń ké, tí ó sì fẹ́ já, a máa pè é kí ó wá gbè é.

Ẹ̀kẹta ni ìdákẹ́jẹ́ olórin náà. Àwòrán tí ó wà lójú páálí àwo yìí bá ọ̀rọ̀ wa mu. Láti ara káàdì ìkíni àtijọ́ kan ní Yúróòpù ni a ti mú un: àwọn ènìyàn wà nínú omi, ṣùgbọ́n awọ ìlù ni a fi rọ́pò ojú obìnrin tí ó wà láàárín wọn. Etí Yorùbá yóò tètè gbọ́ ohun kan níbẹ̀, nítorí pé ojú ìlù ni àwa ń pe ibi tí à ń lù. Ojú ìlù kò ní ẹnu. Bí a kò bá rí ẹni lù ú, kò ní fọhùn. Nígbà tí Mangum kò sọ ohunkóhun mọ́, àwọn olùgbọ́ ni ó ku ìlù náà sí lọ́wọ́.

Ẹrù Tí Ó Wà nínú Ìfẹ́

Kò yẹ kí a pọ́n àwọn olùgbọ́ jù. Ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Bí orúkọ àwo náà ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wá ẹni tí ó kọ ọ́ kiri, tí wọ́n ń fẹ́ kí ó wá túmọ̀ orin rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì sọ ọ́ di ẹni ìtàn. Ní 2003, oníròyìn kan tọpa rẹ̀. Èsì tí Mangum fún un kò gùn: ènìyàn ni òun, òun kì í ṣe èrò inú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n jọ̀wọ́ òun jẹ́ẹ́.

Èsì yìí fi ààlà kan hàn tí ó ṣe pàtàkì. Olùgbọ́ ní ẹ̀tọ́ sí orin. Kò ní ẹ̀tọ́ sí olórin. Ẹni tí ó bá sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò jẹ wá ní gbèsè àbọ̀ kejì, nítorí pé tiwa ni àbọ̀ kejì náà. Bí a bá ń lé e kiri pé kí ó wá parí rẹ̀ fún wa, a ti kọ iṣẹ́ tí òwe yàn fún wa sílẹ̀ nìyẹn.

A tún gbọ́dọ̀ sọ pé ìtara kì í ṣe ìdájọ́ òdodo nígbà gbogbo. Inú agbo kan náà ni Doss àti Hart ti ń ṣe ẹgbẹ́ tiwọn, The Olivia Tremor Control, tí àwo wọn, Dusk at Cubist Castle, jáde ní 1996. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ kò tó ìdajì ti èkejì rẹ̀. Ìtara olùgbọ́ lè gbé iṣẹ́ kan dé òkè kí ó sì fi òmíràn sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó jẹ́ ẹ̀rí pé iṣẹ́ kan wà láàyè. Kì í ṣe ẹ̀rí pé èyí tí kò ní in ti kú.

Ohun Tí Ó Kan Ẹ̀kọ́ Wa

Ní 1967, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ará Jámánì, Hans Robert Jauss, sọ ní Yunifásítì Konstanz pé ìtàn lítíréṣọ̀ kò lè pé bí a bá ka òǹkọ̀wé àti ìwé nìkan sí, tí a sì yọ òǹkàwé sílẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn òǹkàwé ìgbà kan ń retí ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́ tuntun, àti pé ìrètí yìí a máa yí padà. Àwo tí a yẹ̀ wò yìí bá èrò náà mu: ohun tí kò bá etí 1998 mu ni etí 2005 ń wá. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a yí padà lórí àwo náà. Etí ni ó yí padà.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ewì tàbí orin inú rẹ́kọ́ọ̀dù ní èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ dúró sórí ìṣọwọ́lo-èdè nìkan. Ó yẹ kí ó béèrè ẹni tí ó yá a lọ́wọ́ ẹni, ẹni tí ó dà á kọ, ẹni tí ó kọ́ ọ sórí, àti ìtumọ̀ tí oníkálukú fún un. Apá kan iṣẹ́ náà ni ìdáhùn wọn.

Ìgúnlẹ̀

Mangum padà sórí ìtàgé ní 2011, òun nìkan pẹ̀lú gìtá. Láti 2013 sí 2015, òun àti Barnes, Spillane àti Koster tún jọ ṣe eré káàkiri. Wọ́n bẹ àwọn tí ó wá pé kí wọ́n má ṣe ya fọ́tò tàbí fídíò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá ṣì wà lọ́mọdé ní 1998. Àwọn náà ni wọ́n ń gbe orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 2023, Merge kó gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà jọ sínú páálí kan ṣoṣo.

Ohun tí a gbọ́ kẹ́yìn lórí àwo náà kì í ṣe orin. Mangum gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó sì jáde lọ. Ohun tí ó kù lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ẹni tí ó ń gbọ́ ni ó wà.