Òfin Àdúgbò Lórí Afárá Pákó

Ní àwọn ìlú etíkun Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí omi àti ẹrẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé dúró sí. Òpó igi ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ pákó lé e, afárá pákó ló sì so ilé kan mọ́ èkejì. Bí pákó iwájú ilé kan bá jẹrà tí onílé kò pààrọ̀ rẹ̀, ọmọ aládùúgbò lè ki ẹsẹ̀ bọ ihò níbẹ̀, àwọn tó ń gbé ní ìpẹ̀kun afárá kò sì ní rọ́nà gbà délé. Nítorí náà, àìbìkítà onílé kan di ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò kíákíá ju bó ṣe máa ń rí níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Ayétòrò ni òfin ìgbé-pọ̀ ti rinlẹ̀ jù lọ ní etíkun yìí. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tó ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó dá ilé ní níbẹ̀. Ìlú ló ni ilé, ìlú ló ni ọkọ̀ àti àwọ̀n. Owó ẹja apẹja àti iṣẹ́ ọwọ́ aránṣọ, inú àpò ìlú ló ń wọ̀. Ìlú ló ń bọ́ kálukú, tó ń daṣọ bò ó, tó sì ń fún un ní ibùgbé. Ọba wọn, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ògèlóyìnbó, ló ń darí ìjọ àti ìlú pa pọ̀. Ètò náà so èso tó yani lẹ́nu: ní 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò.

Ìgbàgbọ́ ló mú òfin náà dúró. Àmọ́ bí ẹnì kan bá rú òfin, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ló ń fún un níṣẹ́, àwọn náà ló sì ń fún un ní yàrá. Bó bá fẹ́ kó jáde, kò ní ilé tó lè tà. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan. Ọba àkọ́kọ́ wàjà ní 1966, nígbà tó sì di 1968 ìlú ti gbà kí ènìyàn máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Stanley Barrett, onímọ̀ ọmọ Kánádà tó gbé láàárín wọn, kọ ìwé nípa bí ètò náà ṣe gòkè àti bó ṣe wó. Ìwé ọ̀hún jáde ní 1977.

Nígbà tí kálukú ti ni ilé tirẹ̀, ohun tí ẹgbẹ́ onílé lè gbára lé ni àdéhùn àti òfin ìjọba. Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹgbẹ́ máa ń bá ilé lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rà á, gbèsè owó ẹgbẹ́ sì lè mú kí wọ́n ta ilé náà mọ́ onígbèsè lórí. Ní Nàìjíríà, abala 40 ìwé òfin 1999 fún olúkúlùkù lómìnira láti yan ẹgbẹ́ tó bá wù ú, a kò sì lè fipá mú un wọ ẹgbẹ́ onílé. Nítorí náà ló ṣe yẹ kí òfin àdúgbò wà ní kíkọ, kí onílé sì ti fọwọ́ sí i kí ọ̀ràn tó dé.

Bí ẹnì kan bá rú u, ìwé ìkìlọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀: òfin wo ló rú, ibo ni nǹkan ti bàjẹ́, ọjọ́ wo ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, níwájú àwọn tí kì í ṣe àwọn ló fẹjọ́ sùn. Ní 2013, wọ́n bu owó ìtanràn lé obìnrin kan lórí ní Èkó nítorí pé ó jáde lásìkò ìmọ́tótó tí ìjọba ní kí ará ìlú má ṣe jáde; ní 2016 Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá a láre, torí kò sí òfin kíkọ tó sọ ìjáde náà di ẹ̀ṣẹ̀. Bí èyí bá de ìjọba, ẹgbẹ́ àdúgbò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi.

Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀, ilé ẹjọ́ ni kí wọ́n gbé e lọ. Kí ẹgbẹ́ máa ká òrùlé ilé tàbí kí wọ́n kó ẹrù onílé síta, ìwà ipá ni. Nígbà tí ìjọba Èkó fipá lé Odumegwu Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bá ìjọba wí ní 1986.

Ní Ìlàjẹ, ìyàtọ̀ kan tún wà tí kò gbọ́dọ̀ sá fún ẹgbẹ́ lójú. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, àti afárá pẹ̀lú wọn. Onílé tí ìgbì fa òpó rẹ̀ tu kò rú òfin kankan. Òpó tuntun ló nílò lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Odi tó lè dá òkun dúró kọjá agbára ẹgbẹ́ onílé. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Igbókòdá, ti ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti ti àpapọ̀, tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ máa fi ohùn kan béèrè lọ́wọ́ wọn.