Ike tí bakitéríà ń ṣe: inú àgbá ni ọ̀rọ̀ owó wà

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn tó gbẹ́ wọn fẹ́ kí wọ́n pẹ́, wọ́n sì pẹ́. Ọ̀rá omi tí a mu tán tí a jù sí ojú ọ̀nà Òmù-Àrán náà yóò pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé òun fòfin de ike aláfòfóò tí wọ́n ń di oúnjẹ sí. Òfin lè lé ike jáde lọ́jà, ṣùgbọ́n ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀kan nínú ìdáhùn náà wà nínú bakitéríà. Ẹ jẹ́ kí a wo bó ṣe ń ṣe é, ìdí tó fi wọ́n, àti ibi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti lè dín owó rẹ̀ kù.

Ọ̀rá inú ara bakitéríà

Ní ọdún 1926, Maurice Lemoigne, onímọ̀ ará Faransé, rí ohun kan nínú Bacillus megaterium tí a ń pè ní PHB lónìí. Bí ara wa ṣe ń tọ́jú ọ̀rá de ìgbà ebi ni bakitéríà ń tọ́jú PHB. Bí ṣúgà bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí naitirójìn kò tó, bakitéríà kò ní lè bí sí i dáadáa mọ́, torí kò rí ohun tí yóò fi ṣe purotéènì. Yóò wá sọ ṣúgà tó ṣẹ́kù di hóró PHB, yóò sì kó o pamọ́ sínú ara. Èyí tí wọ́n ń lò jù, Cupriavidus necator, lè kó o títí yóò fi tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara rẹ̀ gbígbẹ.

Bí a bá yọ PHB yìí, iná lè yọ́ ọ, a sì lè fi ṣe ìgò tàbí ike ìbunjẹ. Nígbà tó bá wọ ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ yóò jẹ ẹ́ bí oúnjẹ.

Kí ló dé tí kò kún ọjà?

Ilé iṣẹ́ ICI ní Bìrìtìkó gbìyànjú. Wọ́n pe tiwọn ní Biopol, nígbà tó sì di ọdún 1990, Wella ní Jámánì ti ń ta ọṣẹ ìfọrun nínú ìgò rẹ̀. Ìgò náà dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ti ike epo rọ̀bì lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Monsanto gba iṣẹ́ náà ní ọdún 1996, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi jáwọ́.

Ibo ni owó náà ń lọ? Oúnjẹ bakitéríà nìkan lè kó tó ìdajì. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ àti ìrò inú bioreactor, àti yíyọ PHB kúrò nínú ara bakitéríà. Gbogbo wọn ló so mọ́ bí a ṣe ń tọ́jú àgbá.

Ohun mẹ́ta tó yẹ ká ṣọ́

Àkọ́kọ́ ni àsìkò. Ẹni tó ń sin àgbò iléyá yóò jẹ́ kó dàgbà ná, kó tó bọ́ ọ kó sanra. Ìpele méjì náà ni tiwa: a ó fún bakitéríà ní naitirójìn kó lè pọ̀, lẹ́yìn náà a ó dín in kù. Bí a bá tètè dín in, bakitéríà díẹ̀ la ó rí. Bí a bá pẹ́ jù, wọn yóò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò gbẹ.

Èkejì ni bíbu oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá da gbogbo ṣúgà sínú àgbá lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ni bakitéríà lára. Ní ọdún 1994, àwọn olùwádìí ní Kòríà Gúúsù ń ṣọ́ ìwọ̀n ṣúgà inú àgbá, wọ́n sì ń bu sí i bó ṣe ń dín kù. Ní wákàtí 50, wọ́n rí gíráàmù PHB 121 nínú lítà kan, èyí tó jẹ́ gíráàmù 2.42 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni ọ́síjìn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún gíráàmù ṣúgà lè yòrò nínú lítà omi kan, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tó lè wọ inú rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, bó bá gbóná tó 30°C, kò ju nǹkan bíi mìlígíráàmù méje àbọ̀ lọ. Nígbà tí bakitéríà bá ti kún àgbá, wọ́n lè lo èyí tán kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ àti ìrò kò gbọ́dọ̀ dúró, tí iná mànàmáná tó ń ṣe ségesège sì fi lè ba iṣẹ́ ọjọ́ méjì jẹ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ wa

Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà, èèpo rẹ̀ sì ń bẹ lẹ́yìn ilé ìrọ gààrí káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Sítáàṣì wà nínú èèpo yìí, ṣùgbọ́n a kò lè dà á sínú àgbá bẹ́ẹ̀. Cupriavidus kì í jẹ sítáàṣì. A ní láti fi ẹ́ńsáìmù gé e di glucose, kí a sì yan ẹ̀yà Cupriavidus tó lè jẹ glucose, nítorí èyí tí wọ́n mọ̀ jù, H16, kì í jẹ ẹ́: fructose ló ń jẹ. Sayanáìdì inú èèpo kì í jẹ́ kí bakitéríà rí ọ́síjìn lò. Rírẹ àti sísá a ń dín in kù. Naitirójìn tó wà nínú èèpo fúnra rẹ̀ náà yẹ ní wíwọ̀n, kó má baà da ìpele kejì rú. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú, torí náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá.

Epo tí àwọn alákàrà ti lò tán náà yẹ ní wíwò. Gíráàmù ṣúgà kan sábà máa ń mú PHB bíi gíráàmù 0.3 sí 0.4 wá, epo ewéko lè mú 0.6 sí 0.8 wá.

Ní ti iná àti owó ìpakòkòrò, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tsinghua ní Ṣáínà lo Halomonas, bakitéríà tó fẹ́ràn iyọ̀. Omi oníyọ̀ náà ń lé àwọn kòkòrò mìíràn sá. Ní ọdún 2011, wọ́n jábọ̀ pé àgbá méjì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 14 láìdúró, láìse omi rẹ̀ láti pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ń dípẹtà sí irin, ó sì tún ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi tàwọn yòókù.

Ẹ̀yin tó ń múra iṣẹ́ àṣekágbá, ó rọrùn láti wa bakitéríà tuntun jáde nínú ilẹ̀, kí a fi Sudan Black kùn ún, kí a rí hóró dúdú, kí a sì dúró síbẹ̀. Àwọn tó ń kó PHB ti pọ̀ nílẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ìṣirò: gíráàmù mélòó nínú lítà kan, wákàtí mélòó, náírà mélòó fún èèpo, ẹ́ńsáìmù àti iná? Ìgò aláwẹ́ta tí a rọra ń mì lè fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ ọtí tàbí ti oògùn, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbá ńlá. Ẹ wá kọ́ àwọn àbúrò yín.