Ẹ Má Tíì Gé Àdìrẹ Ìyá Àgbà

Ní Ìbarà, ní ìlú Abẹ́òkúta, a ṣí àpótí ìyá àgbà kan láti pín aṣọ inú rẹ̀. Ìró àdìrẹ kan wà nísàlẹ̀ tí ìyàwó ilé náà fẹ́ gé ṣe ìtẹ́dìí ọmọ. Ó ní, "Ẹ wò ó, Mà, ẹni tó ṣe é kò mọ̀wé. Lẹ́tà kọjú sẹ́yìn!" Kíá ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọlọ́ba ni àdìrẹ náà ń jẹ́. Ní ọdún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, ni irú rẹ̀ jáde: àwòrán ọba àti Ayaba Mary nínú òbìrìkìtì, ọ̀rọ̀ sì yí wọn ká. Ọkùnrin ni í gé iṣẹ́ ọnà sára páànù. A máa ń fa ẹ̀kọ láfún gba ojú ihò rẹ̀ sára aṣọ funfun, kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró ẹlú. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un.

Níbẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Bí páànù bá dojúdé, lẹ́tà yóò kọjú sẹ́yìn. Bí a bá gé "O" yí po láìfi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀, àárín rẹ̀ yóò já bọ́. Agépáànù tí kò mọ̀wé a sì máa wo lẹ́tà bí ẹni ń wo àwòrán ẹyẹ.

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń kó káàdì àwọn eléré baseball jọ. Ní 1909, wọ́n ṣi orúkọ Sherry Magee tẹ̀ sí "Magie" lórí káàdì tí ń bá sìgá jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún un ṣe; èyí tí wọ́n ṣì tẹ̀ gan-an ló wá di olówó ńlá. N kò sọ pé tiyín yóò tó bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n Ọlọ́ba wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí àṣìṣe kan náà bá sì wà lára aṣọ méjì, ó ṣeé ṣe kí páànù kan náà ti bí wọn.

Ẹ yí aṣọ náà padà wò: ojú kan ni a ń fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ búlúù pátá. Ẹ dá a fọ̀ nínú omi tútù, kí ẹ sá a síbi òjìji.

Èmi ti gé ọ̀kan rí, lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi. Ìdajì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọba ló kù níbẹ̀; mo ti fi ayaba ṣe ìtẹ́dìí.