Títún Kílárínẹ́ẹ̀tì Àtijọ́ Ṣe

Bàbá àgbà kan ní Bantè gbé fèrè rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í sí abẹ́ ibùsùn. Ọdún méjìlá kọjá. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé e jáde tí ó fun ún, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń jò, fùù, fùù. Àwọn ará ilé ní kí ó gbé e jù nù. Mo ní kí wọ́n dúró ná.

Kílárínẹ́ẹ̀tì ni à ń pe fèrè náà. Igi dúdú ni wọ́n fi ń ṣe é, igi tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rì sínú omi. Láti Tansaníà àti Mòsáńbíìkì ni ó ti ń wá, kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ ní Faransé tàbí Jámánì. Igi Áfíríkà ni fèrè òyìnbó yìí!

Igi náà kì í tètè bàjẹ́. Kí ni ó wá ń bàjẹ́? Ihò pọ̀ lára fèrè náà. Irin pẹlẹbẹ ni ó ń bo àwọn tí ìka kò lè dé. Lábẹ́ irin kọ̀ọ̀kan ni tìmùtìmù kékeré kan wà, tí ó ń dí ihò náà pa. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, tìmùtìmù á le, kòkòrò á jẹ ẹ́. Kọ́ọ̀kì tí ó wà ní oríkèé rẹ̀ á gbẹ. Àwọn wáyà tín-ín-rín tí ń ta irin padà á dípẹtà.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ á tú gbogbo rẹ̀, á nù ún, á pààrọ̀ èyí tí ó bàjẹ́. Ẹ béèrè iye owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá parí, ẹ fi bébà sìgá sábẹ́ tìmùtìmù, ẹ pa á dé, kí ẹ rọra fà á. Bí bébà bá yọ wẹ́rẹ́, ó ṣì ń jò. Ẹ dá a padà fún un.

Ẹ má fi epo pupa pa á o! Ọmọ-ọmọ bàbá ṣe bẹ́ẹ̀, eruku àti aáyán ni ó kó wá. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi ọwọ́ mú un gbóná kí ẹ tó fun ún, torí èémí gbígbóná nínú igi tútù a máa là á. Bí ó bá tilẹ̀ là, oníṣẹ́ lè fi gọ́ọ̀mù dí i.

Kútọnu ni wọ́n gbé ti bàbá lọ. Ní ọdún iṣu ní Savalou, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ó dún. Eyín iwájú bàbá ti yọ, nítorí náà ọmọ-ọmọ ni ó fun ún. Bàbá jókòó, ó ń ta ìka lórí orúnkún rẹ̀.