Níbo Ló Yẹ Kí Ọwọ́ Autopilot Wà Nínú Bàálù Àfọwọ́ṣe?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ bá lágbára ju ọ̀gá rẹ̀ lọ ńkọ́, tí ọ̀gá ní kí ó fi nǹkan sílẹ̀, tí kò sì fi í sílẹ̀? Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń ṣe bàálù fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nìyí, kí ó tó so servo mọ́ ibikíbi.

Ní Amẹ́ríkà, òfin gba ará ìlú láàyè láti ṣe bàálù tirẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ra èròjà àwọn bàálù RV lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Van's Aircraft ní ìpínlẹ̀ Oregon, tí wọ́n sì ń tò wọ́n pọ̀ nílé. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi autopilot sí i, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń bá awakọ̀ di bàálù mú lójú ọ̀nà.

Servo ni ọwọ́ autopilot. Mọ́tò kékeré ni, ó ní apá irin tí ń yí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì so apá náà mọ́ àwọn irin ìdarí bàálù. Méjì ni wọ́n sábà máa ń lò. Ọ̀kan wà fún aileron, àwọn pátákó etí ìyẹ́ tí ń mú bàálù fì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Èkejì wà fún elevator, pátákó ìrù tí ń gbé imú bàálù sókè tàbí sísàlẹ̀. Nínú RV, ti àkọ́kọ́ sábà máa ń wà nínú ìyẹ́, èkejì lẹ́yìn ibi ẹrù.

Èkíní, apá servo àti ọ̀pá rẹ̀ kò gbọdọ̀ tò sórí ìlà kan ṣoṣo láé. Ẹ wo orúnkún yín. Bí ó bá ká díẹ̀, ẹni tí ó ti àtẹ́lẹsẹ̀ yín yóò ká a sí i. Bí ẹ bá nà án tán, ó ti há nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni servo ṣe lè há, tí bàálù kò sì ní gbọ́ ti awakọ̀ mọ́ lójú ọ̀run. Nítorí náà, nígbà tí ìdarí bá wà láàárín, kí apá àti ọ̀pá ṣe igun bí igun tábìlì. Kí ẹ ti ìdarí dé òpin níhà méjèèjì, kí ẹ wò ó bóyá àyè ṣẹ́kù, kí ẹ sì fi irin ìdádúró sí i.

Èkejì, awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ borí servo. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń yọ̀ bí a bá fa ìdarí gidigidi, tí àwọn mìíràn sì ní ìdè kékeré tí yóò kán. Ihò tí ọ̀pá wọ̀ lára apá náà ṣe pàtàkì: bí ó bá ṣe jìnnà sí mọ́tò tó ni ọ̀pá yóò rìn tó, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò dín kù.

Ẹ̀kẹta, ibi tí a so ó mọ́ gbọ́dọ̀ le gírígírí. Bí irin ibẹ̀ bá ń tẹ̀, ara bàálù ni servo yóò máa tì dípò ìdarí.

Ẹ̀kẹrin ni ìwúwo. Kílò kan tí a gbé sí mítà 2 sẹ́yìn ojúkò ìwúwo bàálù ń fa ìrù wálẹ̀ bíi kílò méjì ní mítà 1. Ẹni tí ó bá so servo tán gbọ́dọ̀ tún ìṣirò ìwúwo rẹ̀ ṣe.

Ní ìparí, kí ojú àti ọwọ́ lè dé ibẹ̀. Ìdè tí a kò lè rí, a kò lè mọ̀ bí ó bá ti tú. Ibi tí ó rọrùn láti so servo mọ́ lè má jẹ́ ibi tí ó tọ́. Ibi tí ọ̀gá yóò ti máa jẹ́ ọ̀gá títí tí bàálù yóò fi balẹ̀ ni kí ẹ wá.