Jíìnì Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Kò Tó: Ohun Tó Ń Kó Omi Sínú Kíndìnrín

Àìsàn kíndìnrín tí àwọn dókítà ń pè ní ADPKD máa ń rìn láti ìran dé ìran. Àpò omi kéékèèké ni yóò máa yọ nínú kíndìnrín, tí yóò máa tóbi sí i lọ́dọọdún. Bí òbí kan bá ní in, ìdajì sí ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí: ó lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀.

Jíìnì méjì ló sábà máa ń fà á. PKD1, tí wọ́n rí ní 1994, ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù. PKD2 ló tẹ̀ lé e. Àwọn jíìnì yìí ni sẹ́ẹ̀lì fi ń pèsè pròtéènì tí wọ́n ń pè ní polycystin.

Ibi tó ta kókó nìyí. Inú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ni jíìnì tó bàjẹ́ yìí wà láti inú oyún. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọ̀nà tóóró tó ń sẹ́ ìtọ̀ nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń di àpò omi?

Ẹ̀dà méjì jíìnì kọ̀ọ̀kan ni olúkúlùkù wa ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ti bàbá bá bàjẹ́, ti ìyá á ṣì máa ṣiṣẹ́, polycystin tó ń mú jáde á sì tó lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ní Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, rí i pé nínú àwọn àpò omi kan, ẹ̀dà tó dára náà ti bàjẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára eku lẹ́yìn náà fi hàn pé kò dìgbà tó bá bàjẹ́ pátápátá. Bí polycystin bá ti lè lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, àpò omi á yọ. Bó bá pọ̀ jù pàápàá, á yọ.

Ohun tó fún mi nírètí jù lọ wáyé ní Yunifásítì Yale ní 2021. Wọ́n pa jíìnì náà lára eku títí àpò omi fi kún kíndìnrín wọn, wọ́n wá tún jí i. Àwọn àpò omi náà fà, kíndìnrín sì ń padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Èèyàn kì í ṣe eku lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló rò pé ohun tó ti wú tó bẹ́ẹ̀ lè padà?

Ní Texas, àwọn onímọ̀ rí i pé RNA kékeré kan, miR-17, ń dènà iṣẹ́ tí jíìnì méjèèjì ń rán sí sẹ́ẹ̀lì. Oògùn farabursen, tí wọ́n ti ń dán wò lára èèyàn, ni wọ́n ṣe láti ká a lọ́wọ́ kò. Tolvaptan, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àìsàn yìí ní 2018, kàn ń dẹ ìrìn àìsàn náà ni. Kò tún jíìnì ṣe.

Bí òbí yín tàbí ọmọ ìyá yín bá ní àìsàn yìí, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí ẹ sì ní kí dókítà ya àwòrán kíndìnrín yín. Ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ru kí kíndìnrín tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà nítòsí.