Òòlù Ọwọ́ àti Òòlù Iná: Èwo Ló Ń Tètè Kìlọ̀?

Ohùn méjì ló ń jáde láti inú ọgbà ilé kan ní Ijoku, ní Ṣàgámù, lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọ́ kọnkéré iwájú ilé kí wọ́n lè ri páìpù omi mọ́lẹ̀. Ohùn kìíní ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan: gbì, ó dákẹ́, gbì, ó tún dákẹ́. Ohùn kejì kì í dákẹ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, àfi bí ìgbà tí òjò yìnyín ń rọ̀ sórí páànù. Bàbá bíríkìlà kan ló ń fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé jáákì-hámà oníná lé àárín ilẹ̀.

Èwo ló yá jù? Ẹ̀rọ ni, ọ̀rọ̀ yẹn kò gba àròjinlẹ̀. Ìbéèrè tí mo gbé jókòó lọ́jọ́ náà ni pé, nígbà tó jẹ́ pé irin-iṣẹ́ méjèèjì ló lè ṣe ènìyàn léṣe, ọ̀nà wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà kìlọ̀ kó tó ṣe é?

Kọnkéré kì í ṣe àlejò ní Ṣàgámù. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, òun ni wọ́n sì ń wà tí ilé-iṣẹ́ West African Portland Cement fi dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ níhìn-ín lọ́dún 1978, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ti Ewékorò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú mẹ́tàlá, Ijoku pẹ̀lú wọn, kóra jọ di Ṣàgámù ní 1872, ògiri amọ̀ ni wọ́n fi kọ́lé. Ẹni tó bá fẹ́ wó ògiri amọ̀, ọkọ́ tó o. Òkúta tí a lọ̀ tí a sì yan ni kò gbọ́ ti ọkọ́. Òun ló bí òòlù ńlá fún àwọn bíríkìlà wa, òun náà ló sì mú kí àwọn ọmọ wọn máa ra ẹ̀rọ.

Ní ojú, òòlù méjèèjì kò jọra rárá. Òòlù ọwọ́ kò ju igi kan àti irin kan lọ. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ lè ṣàlàyé rẹ̀ tán kí ẹyin tó jiná. Òòlù iná ní wáyà, ó ní bọ́tìnnì, ó ní mọ́tọ̀, ó sì ní ike bò lára. Ọdún 1932 ni ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì gbé òòlù oníná tirẹ̀ jáde fún títà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú ikùn rẹ̀ wò. Mọ́tọ̀ ń yí, ó ń ti písítìnì síwá sẹ́yìn nínú sílíńdà. Písítìnì yìí kì í kan irin tó ń lu ṣísẹ́ẹ̀lì o. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín wọn. Písítìnì á fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀, afẹ́fẹ́ á sì ju kùmọ̀ irin kékeré kan lu ìdí ṣísẹ́ẹ̀lì. Ọmọ owú ni kùmọ̀ yẹn! Wọ́n kàn fi í pamọ́ sínú ilé ni. Kí wá ni afẹ́fẹ́ àárín yẹn? Òun ni igi tó wà nídìí òòlù Bàbá. Igi kì í jẹ́ kí ìjàǹbá irin dé apá lódindi. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kó dé mọ́tọ̀ lódindi. Alágbẹ̀dẹ Rẹ́mọ àti oníṣẹ́-ẹ̀rọ Jámánì kò ríra rí, síbẹ̀ ibì kan náà ni ọgbọ́n wọn já sí: má ṣe so irin tó ń lu nǹkan mọ́ ohun tó ń gbé e ní tààrà.

Òòlù ńlá tí àwọn lébìrà máa ń lò wọn nǹkan bíi pọ́ùn mẹ́wàá, ìyẹn kìló mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ọmọ yìí wọn nǹkan bíi kìló mẹ́wàá, àwọn tó tóbi jù ú lọ sì lè tó ọgbọ̀n kìló. Ìwọ̀n yìí lè tan ènìyàn jẹ. Òòlù tó fúyẹ́ ni apá ń gbé ga ju orí lọ nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ tó wúwo ni ilẹ̀ ń bá ọ gbé. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ la fẹ́ fọ́, ìwúwo ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ fún wa. Bó bá jẹ́ ògiri tàbí òkè àjà ni, ìwúwo yẹn di ọ̀tá: ẹ̀yìn ló ń jìyà rẹ̀, ẹsẹ̀ a sì máa yẹ̀. Mo rò pé òòlù ọwọ́ yẹ ẹni tó wà lórí àkàbà ju ẹ̀rọ lọ, bí iṣẹ́ kò bá pọ̀.

Ibi tí mo ti rí ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ ni ọ̀rọ̀ àárẹ̀. Bí Bàbá bá ti lu òòlù bí ogún ìgbà, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Á gbé òòlù sílẹ̀, á nu òógùn, á wo ibi tó gbẹ́. Kò sí òfin tó ní kó sinmi, ara rẹ̀ ni òfin. Ẹ̀rọ ń lu ju ẹgbẹ̀rún kan ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tó dì í mú kò sì ní mí hẹlẹ bẹ́ẹ̀. Kò rẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò sinmi. Kí n má baà ṣe ojúsàájú, àárẹ̀ tó ń dáàbò bo apá Bàbá yìí náà ló ń mú kí òòlù yẹ̀ lórí ṣísẹ́ẹ̀lì kó sì bọ́ sórí àtàǹpàkò. Ìpalára òòlù ọwọ́ máa ń wá kíá, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́ igbe. Ti òòlù iná a máa yọ́ wá.

Bó ṣe ń yọ́ wá, àwọn agbẹ́kùúta ìlú Bedford ní Indiana, Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ara wọn jẹ́rìí sí i dáadáa. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀, irú èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ọwọ́ ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gba òòlù tí afẹ́fẹ́ ń tì. Nígbà tó yá, ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú tíìpì, ó ń funfun bí ẹfun ní àárọ̀ òtútù. Ní 1918, dókítà obìnrin kan, Alice Hamilton, lọ yẹ̀ wọ́n wò, ó sì rí i pé gbígbọ̀n irin-iṣẹ́ náà ló ń ba ìka wọn jẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: òtútù ló ń fi àrùn náà hàn. Ní Ṣàgámù, níbi tí oòrùn ti ń ta gbogbo wa, ìka kì í sáábà funfun. Iṣan lè ti máa kú díẹ̀díẹ̀ kí ojú má rí nǹkan kan. Àmì tó kù fún wa ni ọwọ́ tó ń jó wìnnìwìnnì lálẹ́, tàbí ìka tí kò mọ bọ́tìnnì ẹ̀wù í dè mọ́.

Àwọn ará Yúróòpù fi ìṣirò dí àlàfo tí àárẹ̀ fi sílẹ̀. Òfin wọn ti ọdún 2002 gbé ìwọ̀n méjì kalẹ̀ fún gbígbọ̀n tó lè wọ ọwọ́ láàárín iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ: bó bá dé 2.5 m/s², kí ọ̀gá wá nǹkan ṣe sí i. 5 ni kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ̀rọ tó bá ń gbọ̀n dé 10 á mú ọwọ́ dé ìwọ̀n kìíní láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, á sì dé ìkejì láàárín wákàtí méjì. Bí mo ṣe ń ro ìṣirò yìí, ó yà mí lẹ́nu pé iṣẹ́ kan náà ni òun àti èjìká Bàbá ń ṣe. Èjìká ní, “Ó tó.” Aago ní, “Ó tó.” Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ láìra aago mọ́ ọn, ìdajì irin-iṣẹ́ ló rà.

Nínú bí a ṣe ń di irin-iṣẹ́ mú, ọ̀rọ̀ wọn tún pàdé. Ẹni tí kò mọ òòlù lò á fún un lọ́rùn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á jẹ́ kó ṣeré díẹ̀ lọ́wọ́, kí ìwúwo irin fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ẹ̀rọ. Ọwọ́ méjèèjì ni kó wà lára rẹ̀, kí ẹsẹ̀ là díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi àyà tì í. Bí a bá ṣe ń fún un mọ́ra tó ni gbígbọ̀n rẹ̀ ṣe ń wọ inú egungun tó. Méjèèjì sì kórìíra ojúkòkòrò: ẹni tó bá gún àárín kọnkéré lọ jìn, ṣísẹ́ẹ̀lì á há. Etí la ti ń jẹ ẹ́ wọlé, bí ẹ̀kọ gbígbóná. Bó bá há sí Bàbá lọ́wọ́, á lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, á yọ. Bó bá há sí ẹ̀rọ lẹ́nu, kí a pa iná, kí a yọ ẹ̀rọ kúrò lórí rẹ̀, kí a fi ṣísẹ́ẹ̀lì mìíràn tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ara ẹ̀rọ wọ́ ọ fẹ́ fọ́ ẹ̀rọ ni, tàbí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

A dé ọ̀rọ̀ iná. Ẹnikẹ́ni á ní ẹ̀rọ nìkan ló kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà tó ń gbé iná lè sùn sínú ògiri, ṣísẹ́ẹ̀lì Bàbá sì jẹ́ irin láti orí dé ìdí. Bó bá gé wáyà náà, kò sí ohunkóhun láàárín iná àti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ní ike lára. Ọ̀pọ̀ wọn ní àmì àpótí kékeré nínú àpótí ńlá, tó túmọ̀ sí pé ìlọ́po méjì ni ààbò tó yí iná inú rẹ̀ ká. Ààbò yẹn wà nítorí àbùkù inú ẹ̀rọ ni, kò ṣèlérí kankan nípa wáyà tí ṣísẹ́ẹ̀lì bá gé nínú ògiri. Nítorí náà, kí àwọn méjèèjì tó fọwọ́ kan ògiri, kí wọ́n lọ pa iná ibẹ̀ láti ìdí mítà. Lẹ́yìn èyí ni ẹrù ẹ̀rọ nìkan: wáyà tí wọ́n fi sẹ̀lótéèpù so, èyí tó ń gba inú omi kọjá, ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tí wọn kò tú kúrò lórí agbá rẹ̀ tó sì ń gbóná bí ààrò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé ẹ̀rọ tó ń jẹ 1,500 wáàtì. Iná á rẹlẹ̀, mọ́tọ̀ á jó. Ohun tó dára jù tí owó lè rà níhìn-ín ni ìjánu iná tó ń já fúnra rẹ̀ bí ìwọ̀n kékeré, 30 mílíámpíà, bá ti ń ṣì sínú ara ènìyàn.

Ní ti eruku, mo rí ohun kan tí mi ò retí. Iyanrìn inú kọnkéré ní sílíkà, eruku rẹ̀ tó kúnná jù lọ sì ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró títí ayé. Ẹ̀rọ ń tú púpọ̀ jáde, òòlù ń tú díẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá tẹ ojú rẹ̀ súnmọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí díẹ̀ yẹn fi ń wọ imú rẹ̀ tààrà, nígbà tí ọmọ dúró ga lókè tirẹ̀. Aṣọ tí a dì mọ́ imú kì í dá eruku kíkúnná dúró. Ìbòmú bíi N95 ló lè ṣe é. Bàbá lè da omi sí ojú iṣẹ́ bó ṣe wù ú. Ọmọ iṣẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìronú: omi tó ń pa eruku lè gbé iná wá. Kí ó rin ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó tan ẹ̀rọ, kí omi má sì dúró níbi wáyà. Awò ojú ń bẹ fún àwọn méjèèjì, bàtà tó le pẹ̀lú. Ìdíetí wà fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ àti ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí rẹ̀, nítorí ariwo tó bá dé 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kò yẹ kó wọ etí ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lóòjọ́.

Ìwà pẹ̀lẹ́ òòlù ní àǹfààní kan tí mo kà sí pàtàkì. Ẹni tó ń fọwọ́ wó nǹkan ń rí i nígbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ó ń gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe yí padà. Ẹ̀rọ lè ti la òpó tó gbé òkè ilé dúró já kí olúwarẹ̀ tó bi ara rẹ̀ pé kí ló gbé e dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ bá ti wo ilé, tó ti fi ẹfun sàmì sí ibi tí a ó fọ́, ẹ̀rọ á parí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní ọ̀sán kan, kò sì ní sí òòlù tó ń fò kọjá lórí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó kù bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kí wọ́n parí, Bàbá na ọwọ́ sókè. Ọmọ pa ẹ̀rọ. “Bàbá, ó ti ń parí o. Ẹ jẹ́ kí n kúkú ṣe é tán.” Bàbá kò dá a lóhùn. Ó mú píọ̀ wọ́tà kan láti inú kúlà, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ó ní kó dijú.

“Ṣé ó tutù?”

Ọmọ náà fún píọ̀ wọ́tà yẹn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e bọ́ sí ọwọ́ òsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì.

“Ó tutù níbí, Bàbá. Lọ́wọ́ ọ̀tún, mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa.”

“Mu ún. Jókòó.” Bàbá yọ pílọ́ọ̀gì ẹ̀rọ náà kúrò nídìí iná, ó ká wáyà rẹ̀ jọ, ó gbé òòlù rẹ̀, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ láti etí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó kù.